Ìje Kẹ̀kẹ́ Fún Ẹni Tó Ti Lé Ní 35: Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ẹgbẹ́ Jọ, Kí Ẹ sì Sáré Pọ̀ Dé Ìlà Òpin

Ní ìparí oṣù Keje lọ́dọọdún, wọ́n máa ń fi irin dí títì ní Chicago àti àwọn ìlú tó yí i ká, àdúgbò kan lónìí, òmíràn lọ́la, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Intelligentsia Cup ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun máa ń sá tiwọn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ, àmọ́ ṣáájú wọn lẹ óò rí àwọn bàbá àti ìyá tó ti hu ewú, dókítà, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, tíṣà, tí wọ́n ń yí kọ́nà ní nǹkan bíi kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, èjìká kan èjìká.

Ìje àwọn àgbà nìyẹn, masters lórúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ létí adágún Michigan láàárọ̀ Sátidé ló gbà pé ìje yẹn ju ti àwọn lọ. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ní tó o. Ohun tí ẹ kò bá tíì fẹnu kò sí kí fèrè tó dún ló máa fìyà jẹ yín, torí tí ọkàn bá ti ń lù ní ìgbà 170 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí kì í gba èrò tuntun mọ́. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Bí a ṣe ń kẹ́ ẹ rèé.

Ìkíní: Ara yín, àti oògùn tó wà nínú àpótí yín

Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó sanwó ìje kankan. Kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n sì yẹ ọkàn yín wò. Tí jínótáìpù yín bá jẹ́ AS, ẹ sọ ọ́ fún un. AS kò ní kéèyàn má sáré, àmọ́ kéèyàn máa fi gbogbo agbára sáré nínú ooru láìmu omi tó léwu fún ẹni tó jẹ́ AS ju ẹni tó jẹ́ AA lọ. Iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kíndìnrín a sì gba ìyà rẹ̀. Ẹ mu omi tó láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má sì kánjú dá eré le lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọkàn sí ló kàn yìí. Gbogbo ẹni tó bá gba láísẹ́ńsì USA Cycling, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló wà lábẹ́ òfin USADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn tó lòdì nínú eré ìdárayá, kódà kó jẹ́ bàbá ẹni 60 ọdún tó ń sá fún ìgbádùn ara rẹ̀. Wọ́n ti dá àwọn àgbàlagbà eléré kẹ̀kẹ́ dúró rí lórí testosterone, oògùn tó ń fi kún agbára iṣan, kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì. Bẹ́ẹ̀, hydrochlorothiazide, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ ṣáá, èèwọ̀ ni. Ó sì máa ń wà nínú oògùn alápòpọ̀ tí orúkọ iwájú páálí kò ní fi í hàn. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí bóyá ẹ óò rí lẹ́tà HCT tàbí HCTZ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí eré ìje pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí ìkànnì Global DRO, á sọ fún yín bóyá wọ́n fòfin dè é. Tí wọ́n bá fòfin dè é, ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà tí ara yín á gbà. Amlodipine, bí àpẹẹrẹ, kò sí lára èèwọ̀. Tí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ kọ̀wé sí USADA fún ìwé àṣẹ ìlò oògùn kí ìje tó dé.

Ní ti àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti ilé, pàápàá èyí tí wọ́n ní agbára ló ń fúnni, kò sí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀ sínú ìkànnì kankan. Ẹ fi sílé.

Ìkejì: Láísẹ́ńsì àti ọjọ́ orí ìje

Orí ìkànnì USA Cycling lẹ ti máa gba láísẹ́ńsì. Ti ọlọ́jọ́ kan wà fún ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò. Ìpele márùn-ún ló wà: 5 ni ti ẹni tuntun, 1 ló ga jù. Orí ìkànnì BikeReg lẹ ó ti rí ọ̀pọ̀ ìje tẹ́ ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún.

Ọdún 35 ni masters ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń pín in ní márùn-ún márùn-ún. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń lò ni iye ọdún tí ẹ máa pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù Kọkànlá 1991 ti di ẹni 35 lójú wọn láti oṣù Kìíní 2026, kò nílò kó dúró de ọjọ́ ìbí.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ẹ má fi masters tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ìpele bẹ̀rẹ̀. Orúkọ yẹn ń tan ènìyàn. Ẹni ọdún 41 tó fi kẹ̀kẹ́ jẹun fún ọdún mẹ́wàá lè wà níbẹ̀, ewú rẹ̀ kò sì ní kó má já yín sílẹ̀ ní ìyípo kejì. Ẹ sá ìje àwọn ẹni tuntun mélòó kan ná, tàbí masters tí wọ́n kọ 4/5 sí lára.

Ìkẹta: Ẹgbẹ́

Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó dá tiyín sílẹ̀, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ tó ti wà gùn pọ̀ fún sáà kan. Ní Chicago níbí ni Major Taylor kú sí ní 1932, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó di akọni àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ kúkúrú ní Montreal ní 1899, nígbà tí àwọn òyìnbó ibì kan kò tiẹ̀ fẹ́ kó bá àwọn dúró lórí ìlà. Ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà káàkiri Amẹ́ríkà, Chicago náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gùn nínú ọ̀wọ́ ti rí ìdajì ẹ̀kọ́ gbà.

Ọ̀rọ̀ owó: ìforúkọsílẹ̀ ìje, epo ọkọ̀, táyà, jẹ́sì. Àjọ tí a ń dá nílé ṣiṣẹ́ níbí dáadáa. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ lóṣù yìí ló máa ra wíìlì ìje. Jẹ́sì kan ṣoṣo náà tó. Ẹ má sọ ọ́ di aṣọ ẹbí tí ẹ óò máa yí àwọ̀ rẹ̀ padà lọ́dọọdún.

Èyí tó ṣòro jù fún àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ àgbà àti àbúrò. Nínú ọ̀wọ́, ẹni tó ń rí ọ̀nà jù, tí ohùn rẹ̀ sì dúró, ló yẹ kó jẹ́ olórí lójú títì, kódà tó bá jẹ́ òun ló kéré jù. Kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí èyí nílé, lórí oúnjẹ, kí ẹ̀gbọ́n tó ti pé 55 má baà gbà á sí ìwọ̀sí nígbà tí ẹni 36 bá pariwo "Dìde!" mọ́ ọn láìfi "ẹ" sí i. Kò sí àyè fún "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n" nínú kọ́nà. Ẹ fi ìkúnlẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀.

Ẹ yan ọ̀rọ̀ márùn-ún péré tí ẹ máa lò. Èdè wa wúlò níbí, torí àwọn ẹgbẹ́ tó kù kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń wí: "Já!" fún ẹni tó máa sá kúrò nínú ọ̀wọ́, "Lẹ̀ ẹ́!" fún ẹni tó máa tẹ̀ lé ẹlòmíì tó já, "Fà!" fún ẹni tó máa bọ́ síwájú gba atẹ́gùn, "Dìde!" fún ẹni tó ti sùn sẹ́yìn, "Tì í!" láti dín eré ọ̀wọ́ kù. Ṣùgbọ́n kòtò, ẹni tó ṣubú, tàbí ẹni tó ń kọjá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi pariwo rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹgbẹ́ kankan.

Ìkẹrin: Kẹ̀kẹ́

Kẹ̀kẹ́ tó bá dára tó láti fi gun máìlì 50 ti dára tó láti fi sá ìje. Ẹ má gbé ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ síbi tí wọ́n ti lè gbá a ṣubú. Owó tí ẹ bá ní, táyà ni kí ẹ ná an lé. Táyà 28 mm, fún ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 75, atẹ́gùn nǹkan bíi psi 70 sí 75 tó (psi ni wọ́n fi ń wọn bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó). Tí òjò bá rọ̀, ẹ dín in díẹ̀. Àwọn tó ń fún un títí tó fi le bí òkúta ló máa ń yọ̀ nínú kọ́nà. Ẹ rí i pé ìdérí wà ní ẹnu háńdù méjèèjì, torí rẹfirí lè dá yín padà lórí ìyẹn nìkan.

Ìkarùn-ún: Ìdánrawò

Ìgbà òtútù, inú ilé ni, lórí ẹ̀rọ tí a ń de kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹni tó níṣẹ́, tó ní ọmọ, kò nílò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́sẹ̀: ọjọ́ méjì tó le, ọjọ́ kan tó gùn, èyí tó kù kí ó rọrùn gan-an. Ara ẹni 45 kì í tètè bọ̀ sípò bí ti ẹni 25. Ẹni tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ gùn ún le, àárẹ̀ ló ń kó jọ.

Ohun tí ẹ̀rọ inú ilé kò lè kọ́ yín ni kọ́nà àti ìfarakanra. Tí yìnyín bá ti yọ́, ẹ kó ara yín lọ sí pápá oníkoríko. Ẹ gùn ní méjì-méjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa fi èjìká ti ara yín, kí ìgbọ̀nwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó bá ṣubú, koríko ló ṣubú lé. Tó bá yá, kí ẹni ẹ̀yìn fi táyà iwájú rẹ̀ kan táyà ẹ̀yìn ẹni iwájú díẹ̀, kó mọ bó ṣe ń rí lára. Ibi tí ìṣubú ti ń wá jù nínú ọ̀wọ́ nìyẹn: ẹni tó jẹ́ kí táyà iwájú òun wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹlòmíì. Tí ẹni iwájú bá yà, ẹni ẹ̀yìn ló ń lọ sílẹ̀.

Kọ́nà wàyí. Ẹ gba bíréèkì kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti tẹ̀. Ọwọ́ ní ìsàlẹ̀ háńdù, ìka méjì lórí bíréèkì. Pẹ́dà tó wà ní ìta kọ́nà ní ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo yín. Pẹ́dà inú lókè, kó má baà gbá ilẹ̀. Ojú yín kò gbọdọ̀ sí lórí táyà ẹni iwájú. Ibi tí ẹ máa jáde sí ni kí ẹ wò, kẹ̀kẹ́ á gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ bá fi wọlé ni kí ẹ fi jáde, torí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó gbọ́kàn lé e pé ẹ kò ní gé wọlé. Ẹ ṣe é lápá òsì àti lápá ọ̀tún títí tí kò fi ní gba èrò mọ́.

Ìkẹfà: Ọjọ́ ìje

Oúnjẹ tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ jẹ, wákàtí mẹ́ta ṣáájú: iṣu sísè pẹ̀lú ẹyin díẹ̀, tàbí ìrẹsì funfun. Àkàrà àti dòdò, epo wọn pọ̀ jù, wọ́n á bá yín dé orí ìlà. Iyán? Lẹ́yìn eré.

Ẹ tètè dé. Ẹ béèrè apá ibi tí wọ́n fẹ́ kí nọ́ńbà wà, torí apá ibi tí kámẹ́rà wà ni. Ẹ fi píìnì mẹ́jọ dè é kó má máa fẹ́ lẹ́lẹ́, kí ẹlòmíì sì bá yín dè é nígbà tí ẹ bá wọ jẹ́sì, kí ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni wà lórí kẹ̀kẹ́. Èyí tí ẹ bá dè lórí tábìlì á fà tí ẹ bá tẹ̀. Ẹ má ká a, ẹ má gé e.

Ẹ gbé wíìlì àpamọ́ lọ síbi tí wọ́n ń kó wọn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i. Iye jíà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti kẹ̀kẹ́ yín mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ fi ẹsẹ̀ rin òpópónà ìje náà. Criterium, ìyẹn ìje tí a ń yí òpópónà kan náà po léraléra, òpópónà rẹ̀ kì í gùn: ìyípo kan lè jẹ́ mítà 800, kò sì ní ju kìlómítà márùn-ún lọ. Ẹ wo ibi tí ideri gọ́tà wà nínú kọ́nà, ibi tí ọ̀dà funfun máa yọ̀ tí òjò bá dé, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, àti iye mítà tó wà láàárín kọ́nà ìkẹyìn àti ìlà òpin. Iye mítà yẹn ló máa pinnu gbogbo ètò yín. Tó bá jẹ́ 150, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú kọ́nà ló sábà máa ń gbà á. Tó bá jẹ́ 400, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni gbogbo ènìyàn máa fi ṣe ìbòjú atẹ́gùn.

Ẹ fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n mú ara yá, torí criterium kì í bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìkeje: Nínú criterium

Ní ìyára yẹn, atẹ́gùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára yín. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun ẹ̀yìn kì í ṣe ibi ìsinmi. Ọ̀wọ́ máa ń sún mọ́ra, a sì tún nà, bí okùn tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń dẹ̀: ẹni iwájú wọ kọ́nà láìgba bíréèkì, ẹni ẹ̀yìn gba bíréèkì, ó sì ní láti sáré àsápajúdé lẹ́yìn kọ́nà kọ̀ọ̀kan kó tó lè bá wọn. Kọ́nà mẹ́rin lọ́nà ogún ìyípo, ẹ ṣírò rẹ̀. Ipò karùn-ún sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ máa gbé. Ẹni tí kò bá máa lọ síwájú ń lọ sẹ́yìn, torí náà ẹ máa gun òkè ọ̀wọ́ ní ibi tó gbòòrò, kì í ṣe nínú kọ́nà.

Pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún, iṣẹ́ pín báyìí: ẹnì kan ni a fẹ́ kó parí, ìyẹn kó sáré gba ipò kìíní níwájú ìlà, ẹnì kan ló máa fà á dé kọ́nà ìkẹyìn, méjì ló ń ṣọ́ gbogbo ẹni tó bá já, ẹni karùn-ún ló ń já fúnra rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ tó kù lè máa fi agbára wọn lé e. Tí ẹni tiyín bá wà lára àwọn tó ti já lọ, iṣẹ́ àwọn tó kù ni kí wọ́n má ṣiṣẹ́. Ẹ jókòó sí iwájú, ẹ má fà. Ẹni tó bá fẹ́ lé wọn, kí ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láìbá a gba atẹ́gùn. Á sú u. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin kò gbà ni kí ẹ fi ara dí ẹlòmíì lọ́nà, tàbí kí ẹ ṣàdédé gba bíréèkì níwájú rẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tiyín níbẹ̀, ẹ lé wọn kíákíá, nígbà tí àlàfo kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, kí méjì péré jọ fà á. Ẹni tó máa parí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí ẹsẹ̀ máa yún un tó.

Wọ́n máa ń lu agogo nígbà míì fún ẹ̀bùn àárín eré: ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ní ìyípo tó tẹ̀ lé e ló ni ín. Agogo ni wọ́n sì ń lù fún ìyípo ìkẹyìn. Ẹ wo pátákó tó ń ka iye ìyípo tó kù, ẹ má gbọ́kàn lé etí nìkan. Ẹ̀bùn àárín eré kì í ṣe tiwa àfi tí ẹni tó ń já bá wà nítòsí rẹ̀, àmọ́ kété tí wọ́n bá sáré gbà á tán, tí gbogbo wọn ń mí gúlegúle, àkókò "Já!" nìyẹn.

Tí táyà bá jò tàbí tí wọ́n gbá yín ṣubú, ẹ má lé ọ̀wọ́. Ẹ lọ síbi tí wíìlì yín wà. Rẹfirí á yẹ̀ ẹ́ wò, á fún yín ní ìyípo kan ọ̀fẹ́, á sì dá yín padà sínú ọ̀wọ́ tí ẹ ti jáde nígbà tó bá yí dé. Nọ́ọ̀tì tí ẹ̀yin fúnra yín kò dì dáadáa kì í ṣe àwíjàre. Ní kìlómítà mẹ́jọ tó kẹ́yìn, ìyípo ọ̀fẹ́ ti tán. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àmúmọ́ra ni.

Tó bá ku ìyípo márùn-ún, "Dìde!" Gbogbo yín sún síwájú. Tó bá ku méjì, ẹni tó ń fà wà níwájú, ẹni tó máa parí lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kẹta lẹ́yìn ẹni yẹn kí àjèjì má baà rí àyè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń fà á fi gbogbo ohun tó ní sí ìyípo ìkẹyìn, kó le débi pé kò ní sí ẹni tó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn kọ́nà, kó máa lọ lójú ọ̀nà kan náà, kó má yà, kó má ṣíwọ́ pẹ́dà lójijì. Mítà 200, ẹni tó máa parí á jáde. Kó má gbé ọwọ́ sókè kó tó kọjá ìlà.

Ìkẹjọ: Ìje ojú ọ̀nà gbọọrọ

Ìlànà kan náà ni, àmọ́ ó gùn, ó lè tó máìlì 40 sí 60 fún àgbà, òkè àti ebi ló sì ń yan ẹni tó máa kù. Ẹ máa jẹ nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ebi tó pa yín. Gíráàmù 60 ohun aṣaralóore onísítáàṣì àti ṣúgà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Títì lè ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ lódì kejì, nítorí náà ẹni tó bá kọjá ìlà àárín títì láti fi gba iwájú, wọ́n á lé e jáde. Wọn kì í gbọ́ àwíjàre lórí èyí, inú mi sì dùn pé wọn kì í gbọ́. Kò sí ìyípo ọ̀fẹ́ níbẹ̀: ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ló máa fún yín ní wíìlì, ẹsẹ̀ yín ni ẹ óò fi lé wọn bá. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wá ibi tó bo yín lára ní ẹ̀gbẹ́ ẹni iwájú díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ṣáájú òkè, ẹni tó wúwo kọ́kọ́ bọ́ síwájú ọ̀wọ́, kó lè máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kó ṣì wà nínú ọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n bá dé orí rẹ̀.

Ìkẹsàn-án: Lẹ́yìn eré

Ẹ má kọ́kọ́ jókòó. Ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mu omi, ẹ lọ wo èsì nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde, torí àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àtakò kì í pẹ́. Ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, kó kan rọra gbá ni o, kó ju àṣíborí yẹn nù, kó sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù tó bá ṣubú, kí amòye yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún gùn ún.

Owó ẹ̀bùn, ọgbọọgba ni kí ẹ pín in, títí kan ẹni tó fa ìyípo ìkẹyìn tó sì parí ní ipò ọgbọ̀n. Ó ti yẹ kí ẹ jọ sọ ìyẹn náà nílé.